Ọ̀gá Tó Ní Kí Odó Kàbà Dákẹ́

Láyé ọjọ́un, odó ló ń jí ará Kàbà lójú oorun. Àkùkọ ń kọ lóòótọ́, agogo ṣọ́ọ̀ṣì ń dún, ìpè àdúrà náà ń dún, ṣùgbọ́n ẹni tó gbọ́ gbogbo ìyẹn ṣì lè yíra padà kó máa sùn lọ. Bí odó bá wá bẹ̀rẹ̀ sí í dún lágbègbè gáréèjì, tí òórùn ọbẹ̀ ẹ̀gúsí sì gba ojú fèrèsé wọlé, ọ̀rọ̀ oorun parí nìyẹn. Iyán kì í ṣe oúnjẹ alẹ́ nìkan níbẹ̀. Tíṣà ń jẹ ẹ́ kó tó lọ kọ́ ọmọ ọlọ́mọ, awakọ̀ ń jẹ ẹ́ kó tó kọrí sọ́nà Lọ́kọ́jà, àgbẹ̀ ń jẹ ẹ́ kó tó gbé àdá. Ẹni tó bá sọ fún yín pé iyán wúwo jù fún àárọ̀, ẹ bi í léèrè ibi tó ti wá.

Búkà kan wà lẹ́yìn gáréèjì náà tí gbogbo ayé ń pè ní ti Ìyá Testimony. Rhoda lorúkọ obìnrin yìí gan-an, ṣùgbọ́n látìgbà tó ti bí Testimony, àkọ́bí rẹ̀, kò sí ẹni tó tún rántí Rhoda mọ́ àfi bí wọ́n bá ń pe orúkọ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Páánù tó ti dípẹtà ló fi bo orí búkà náà, bẹ́ǹṣì ibẹ̀ a sì máa mì bí ẹni tó sanra bá jókòó. Bí o bá wọlé, wàá kí àwọn tó ń jẹun pé "Okun o." Wọn yóò dá ọ lóhùn, wọn yóò ní kí o wá jẹun, ìwọ náà yóò ní ó máa gba ibi ire, wàá lọ jókòó dúró de àwo tìrẹ. Bí o bá wá dé nígbà tí wọn kò tíì gún iyán tán, Ìyá Testimony yóò na ọmọ odó sí ọ, wàá bá wọn gún un. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbẹ̀ nìyẹn, ẹni tó tètè dé ló ń gún un. Àlùfáà ti gún un rí, ìmáàmù ti gún un rí. Ọ̀gá ilé-ìwé gírámà gún un lọ́jọ́ kan títí táì rẹ̀ fi wọ inú odó, kò sì sí ẹni tó kà á sí ìtìjú, àfi ìyàwó rẹ̀ tó fọ táì.

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé nìyẹn nígbà tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ Kogí sílẹ̀, tí wọ́n yọ wa kúrò lára Ìlọrin, tí wọ́n kó wa mọ́ Lọ́kọ́jà. Ìpínlẹ̀ tuntun ni, oyè sì pọ̀ ju iṣẹ́ lọ. Ẹni tó bá ti ní kóòtù tó mọ́, tó sì mọ ẹni tó mọ ẹnìkan ní Lọ́kọ́jà, kò níí ṣàì rí nǹkan jẹ́. Báyìí ni Ọ̀gbẹ́ni Isaiah Ọlọ́runlékè ṣe di Alákòóso Àgbà fún Àjọ Ètò Òwúrọ̀ ní Kàbà. Ẹ má bi mí ohun tí àjọ náà wà fún. Ọ̀gá náà kò mọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n fún un ní ilé, wọ́n fún un ní mọ́tò, wọ́n fún un ní mégádì, wọ́n sì fún un ní Kọ́láwọlé.

Iṣẹ́ Kọ́láwọlé ni láti máa ka oyè ọ̀gá rẹ̀ kí ọ̀gá tó sọ̀rọ̀, kó sì pàtẹ́wọ́ bí ọ̀gá bá sọ̀rọ̀ tán. Bí ọ̀gá bá sín, Kọ́láwọlé á ní òwúrọ̀ ti gba ìbùkún. Bí ọ̀gá bá gé búrẹ́dì, Kọ́láwọlé á mirí pé a kò tíì rí ẹni tó ń gé búrẹ́dì bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ tí Ọlọ́run ti dá àlìkámà. Ọlọ́runlékè ń gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó ń dà bí òótọ́ létí rẹ̀. Nǹkan kan ṣoṣo ló kù tó ń fẹ́ láyé, òun ni kí wọ́n pè é lọ sí Lọ́kọ́jà kí wọ́n fi í ṣe kọmíṣánnà. Ó ti ṣe báàjì rẹ̀ sílẹ̀ pàápàá, ó ń dán an wò níwájú dígí.

Àárọ̀ tó kọ́kọ́ jí ní Kàbà, ebi mú un, ó sì ní kí Kọ́láwọlé mú òun lọ síbi tí àwọn mẹ̀kúnnù ti ń jẹun kí òun lè bojú wo ìlú. Agbádá tí wọ́n ti fi sítáàṣì lọ̀ ni ó wọ̀. Ó wọ búkà Ìyá Testimony láìkí ẹnikẹ́ni. Àwọn tó ń jẹun gbójú sókè, wọ́n ń retí "Okun o," wọn kò gbọ́ nǹkan kan, wọ́n tún gbójú sílẹ̀. Rhoda ní tirẹ̀ kọ ẹ̀yìn sí ẹnu ọ̀nà, ó ń gún iyán lọ, òógùn bò ó. Ó gbọ́ ẹsẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ó kàn na ọmọ odó kan sẹ́yìn bó ṣe máa ń ṣe.

Ó ní, "Ẹ gbà á, ẹ̀yin lẹ tètè dé. Ó ku díẹ̀."

Kí Ọlọ́runlékè tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ti dì í mú. Ó dúró pẹ̀lú agbádá rẹ̀ àti ọmọ odó, àwọn awakọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kò ní ìkà nínú, bí wọ́n ṣe ń rín gbogbo ènìyàn ni wọ́n rín in. Ọ̀kan nínú wọn ní kí ọ̀gá ká apá agbádá, pé odó ò mọ agbádá. Ọlọ́runlékè sọ ọmọ odó sílẹ̀ bí ẹni tí iná jó. Kọ́láwọlé sáré ka oyè rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ jù. Rhoda kúnlẹ̀, ó bẹ̀ ẹ́ pé òun kò mọ̀, ó sì bu iyán fún un. Inú ń bí ọ̀gá, ó jẹ ẹ́ tán. Inú ṣì ń bí i, ó ní kí wọ́n tún bù sí i. Iyán náà funfun, kò ní kókó kankan, ọbẹ̀ rẹ̀ ní ẹran ìgbẹ́ tó rọ̀ dáadáa. Ìyẹn gan-an ló tún dá kún ìbínú rẹ̀, nítorí ó mọ̀ pé òun yóò tún fẹ́ padà wá.

Kò pẹ́ tí agogo fi dún káàkiri ìlú pé kí gbogbo ènìyàn péjọ sí gbọ̀ngàn. Kọ́láwọlé ka oyè. Ọ̀gá dìde, ó wú ikọ́, ó tún wú u lọ́nà mìíràn.

Ó ní, "Ẹ̀yin ènìyàn mi, kí ló ń mú kí ìlú ńlá jẹ́ ìlú ńlá? Ìdákẹ́jẹ́ ni. Ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi fẹ́ẹ̀ dé tán, kò sí odó. Kò sí ẹni tó ń lu igi mọ́ igi nígbà tí àwọn ọlọ́gbọ́n ń ronú. Ẹ wo bí wọ́n ti lọ síwájú. Ẹ wá wo ibi tí ẹ wà. Odó ló dá yín dúró."

Kọ́láwọlé pàtẹ́wọ́. Ọ̀gá kéde pé láti ọjọ́ náà lọ, odó kankan kò gbọdọ̀ dún ní Kàbà kó tó di aago mẹ́sàn-án àárọ̀. Tíì àti búrẹ́dì loúnjẹ ìdàgbàsókè. Ó ní búkà tó wà lẹ́yìn gáréèjì ni olórí aláriwo, wọn yóò wó o lulẹ̀, wọn yóò sì kọ́ Ilé Tíì Ìgbàlódé síbẹ̀. Kí ó tó di ìrọ̀lẹ́, wọ́n ti fi ọ̀dà pupa fa àmì sí ilẹ̀kùn Rhoda.

Inú mi ṣì ń ru bí mo ṣe ń sọ ọ́. Obìnrin yìí kò ní oko, kò ní ọkọ mọ́, búkà yìí ló fi ń tọ́ ọmọ. Nígbà tí aago mẹ́sàn-án bá lù, awakọ̀ ti lọ, tíṣà ti wọ kíláàsì, àgbẹ̀ ti wà lóko. Ta ni yóò wá jẹ iyán rẹ̀? Ó ń jókòó sẹ́nu ilẹ̀kùn tí wọ́n fi ọ̀dà kùn, ó ń wo àwọn ènìyàn tó ń mu tíì ní ìdúró bí ẹni tó ń mu oògùn. Ní ilé-ìwé, tíṣà kan sùn lọ níwájú pátákó pẹ̀lú ẹfun lọ́wọ́, àwọn ọmọ kò jí i nítorí ìdákẹ́jẹ́.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ ọ̀gá, nítorí ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ìyà náà ti kọ́kọ́ pọ̀ jù. Ó ń mu tíì, ó ń jẹ búrẹ́dì, ikùn rẹ̀ ń kùn. Ó ń sọ̀rọ̀ níwájú àwọn olóyè, ó gbàgbé ibi tó bá a dé, ó dákẹ́, ó ń wo òkè. Kọ́láwọlé pàtẹ́wọ́ fún ìyẹn náà. Nígbà tó yá, ọ̀gá kò lè fara dà á mọ́. Ó ránṣẹ́ pe Rhoda.

Ó fi ohùn jẹ́jẹ́ bá a sọ̀rọ̀. Ó ní òfin ni òfin, ṣùgbọ́n ara ẹni tó ń ṣòfin nílò agbára tí yóò fi ṣe é. Bí Rhoda bá lè máa gba ẹ̀yìnkùlé wọlé láàárọ̀, kó wá máa gún iyán nínú sítọ́ọ̀ ilé òun, òun yóò ní kí wọ́n pa ọ̀dà ẹnu ilẹ̀kùn rẹ̀ rẹ́, wọn kò sì ní wó búkà náà mọ́. Rhoda wo ilẹ̀. Ó rántí búkà rẹ̀, ó gbà.

Wọ́n wá to fọ́ọ̀mù ibùsùn mọ́ ara ògiri sítọ́ọ̀ náà yíká, wọ́n to sí ilẹ̀kùn, wọ́n fi aṣọ dí fèrèsé. Bí Rhoda bá ti gbé ọmọ odó sókè báyìí, mégádì yóò tan jẹnẹrétọ̀ ńlá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ariwo rẹ̀ yóò bo ohun gbogbo mọ́lẹ̀. Bí aládùúgbò bá wá béèrè ohun tó ń dún gbì nínú ariwo jẹnẹrétọ̀, Kọ́láwọlé yóò ní jẹnẹrétọ̀ ọ̀gá ló ń wúkọ́. Ọ̀gá padà sanra. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà gùn. Ṣùgbọ́n ọ̀dà pupa wà ní ilẹ̀kùn Rhoda síbẹ̀. Bí ó bá béèrè, ọ̀gá á ní kó ṣe sùúrù, ìwé náà ṣì ń lọ láti tábìlì kan sí èkejì. Tábìlì kan ṣoṣo ló wà ní gbogbo ọ́fíìsì náà.

Kò pẹ́ tí ìròyìn fi dé pé wọ́n fẹ́ yan kọmíṣánnà tuntun ní Lọ́kọ́jà, pé Màdáámù Martha Ọmọ́yẹlé ni wọ́n rán láti lọ wo iṣẹ́ àwọn tó ń dupò. Obìnrin yìí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ohun tó bá sì sọ ni wọ́n ń ṣe. Ọlọ́runlékè ronú títí, ó rí ọgbọ́n kan tí ẹnikẹ́ni kò tíì dá rí. Àwọn yòókù yóò fi ọ̀nà tí wọ́n ṣe hàn án, wọn yóò fi omi ẹ̀rọ hàn án. Òun yóò pè é wá kí ó wá gbọ́ ìdákẹ́jẹ́ Kàbà ní kùtùkùtù.

Kí ìdákẹ́jẹ́ náà lè pé, ó fi kún òfin. Ó ní láàárọ̀ ọjọ́ náà, kò sí ẹ̀rọ ìlọta tí yóò dún, kò sí jẹnẹrétọ̀ tí yóò dún, mọ́tò kò gbọdọ̀ fọn fèrè. Kí olúkúlùkù fi apẹ̀rẹ̀ bo àkùkọ rẹ̀, kó tún fi aṣọ bo apẹ̀rẹ̀. Ó bẹ àlùfáà àti ìmáàmù pé kí wọ́n bá òun wo ọ̀rọ̀ agogo àti ìpè. Àwọn méjèèjì ní àwọn yóò gbàdúrà sí i. Lẹ́yìn náà ló pàṣẹ pé kí katakátá wá láàárọ̀ náà gan-an, kí màdáámù lè fojú ara rẹ̀ rí bí wọn yóò ṣe wó búkà aláriwo. Rhoda gbọ́ ọ lẹ́nu mégádì. Ó jókòó sórí àpótí ìdáná rẹ̀, ó sunkún, ó nu ojú, ó lọ ṣa iṣu tó tóbi.

Ní àárọ̀ ọjọ́ náà, Kàbà dákẹ́ lóòótọ́. Àwọn ènìyàn ń kí ara wọn ní wúyẹ́wúyẹ́. Ọ̀gá jí, ó wọ agbádá, ó fi báàjì sí àpò. Ṣùgbọ́n bó ṣe fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í tún ọ̀rọ̀ ìkínikáàbọ̀ rẹ̀ sọ, ikùn rẹ̀ kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ọ̀nà Lọ́kọ́jà jìn, màdáámù kò tíì lè dé. Báwo ni èèyàn ṣe fẹ́ fi tíì lásán gba ipò kọmíṣánnà? Rhoda ti wà ní sítọ́ọ̀, iṣu ti jinná. Ọ̀gá fi orí yọ sí i láàárín fọ́ọ̀mù méjì, ó ní kí ó rọra gún un lónìí, nítorí kò sí jẹnẹrétọ̀.

Rhoda ní, "Iyán kì í gbọ́ rọra, sà. Bí mo bá rọra gún un, kókó ni yóò wà nínú rẹ̀."

Ọ̀gá ronú. Ó wo fọ́ọ̀mù, ó fọwọ́ tẹ̀ ẹ́, ó rò pé ó nípọn tó. Tí kókó iyán bá há ẹni tó fẹ́ di kọmíṣánnà lọ́nà ọ̀fun, ṣé ìyẹn dára?

Ó ní, "Gún un dáadáa. Kò gbọdọ̀ ní kókó."

Ohun tí ọ̀gá kò mọ̀ ni pé màdáámù ti dé. Ọmọ Ìyàrà, ìlú tó wà nítòsí, ni Martha Ọmọ́yẹlé, ó mọ Kàbà dáadáa, ó sì ti kúrò ní Lọ́kọ́jà ní ìdájí láìfi nǹkan kan kan ẹnu nítorí iyán Ìyá Testimony ló ní lọ́kàn láti ọjọ́ tí wọ́n ti ní kó wá. Ó sọ̀kalẹ̀ ní gáréèjì, ó rí ilẹ̀kùn tó tì, ó rí ọ̀dà pupa. Ó bi awakọ̀ kan bóyá Ìyá Testimony ti kú ni.

Awakọ̀ náà wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó sọ ọ́ ní wúyẹ́wúyẹ́ pé, "Kò kú o, màdáámù. Òfin ni."

Ó ń ṣàlàyé òfin náà lọ́wọ́ ni odó dún. Gbì. Gbì. Gbì. Nínú ìlú tí àkùkọ wà lábẹ́ apẹ̀rẹ̀, tí ẹ̀rọ kankan kò dún, ohùn rẹ̀ lọ kan òkè, ó tún padà wá. Kò sí fọ́ọ̀mù tó lè gbé e mì. Fèrèsé ń ṣí lọ́tùn-ún lósì. Àwọn ènìyàn jáde sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń na etí. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti gbọ́ ọ. Màdáámù béèrè ibi tó ti ń dún, gbogbo ojú sì kọ sí apá ilé ọ̀gá. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lọ síbẹ̀. Awakọ̀ tẹ̀lé e. Tíṣà tẹ̀lé awakọ̀. Àwọn kan sáré wọlé lọ mú tásà.

Ọlọ́runlékè ti jókòó sídìí tábìlì, ó ti fi aṣọ ìnuwọ́ há ọrùn. Òkèlè àkọ́kọ́ ti wọlé, òkèlè kejì wà lọ́nà, Kọ́láwọlé sì ń yìn ín fún bó ṣe ń gé e. Ilẹ̀kùn ṣí.

Ohùn obìnrin kan ní, "Okun o."

Ẹ̀yin náà mọ bí wọ́n ṣe tọ́ wa. Èèyàn lè jí oyè, ó lè purọ́ mọ́ ìlú, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá kí i nídìí oúnjẹ, ẹnu rẹ̀ yóò sọ ohun tí ìyá rẹ̀ kọ́ ọ kí orí rẹ̀ tó ráyè dá sí i. Kí Ọlọ́runlékè tó gbójú sókè, ó ti ní, "Ẹ wá jẹun."

Ohun tó kù ni kí àlejò sọ pé ó máa gba ibi ire. Màdáámù Martha kò sọ ọ́. Ó ní ẹ ṣé o, ó ṣan ọwọ́, ó fa àga, ó jókòó. Awakọ̀ wọlé, ó ní okun o. Kí ni ọ̀gá yóò ṣe? Ó ní ẹ wá jẹun. Awakọ̀ náà jókòó. Tíṣà wọlé, àgbẹ̀ wọlé, ìyá arúgbó kan tó mú tásà tirẹ̀ wọlé, gbogbo wọn ń kí, gbogbo wọn ń jókòó. Láti ọjọ́ tí a ti ń kí ara wa lẹ́nu oúnjẹ nílẹ̀ wa, n kò rò pé a tíì rí ọjọ́ tí gbogbo ènìyàn gbà lẹ́ẹ̀kan náà. Kọ́láwọlé wo ọ̀gá, ó wo màdáámù, ó ronú díẹ̀, ó lọ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ màdáámù, ó mú ẹran tó tóbi jù.

Ọlọ́runlékè dìde pẹ̀lú aṣọ ìnuwọ́ lọ́rùn. Ó ní òun fẹ́ kí màdáámù mọ̀ pé iyán yìí kì í ṣe oúnjẹ. Ẹ̀rí ni. Wọ́n gbẹ́sẹ̀ lé e lọ́wọ́ àwọn arúfin, òun fúnra òun sì ń yẹ̀ ẹ́ wò láìbẹ̀rù, nítorí ìfẹ́ ìlú.

Màdáámù gbé òkèlè mì. Ó ní, "Ẹ̀rí náà dùn. Ta ló gún un?"

Ibẹ̀ ni Rhoda ti jáde láti sítọ́ọ̀, òógùn bò ó, òwú fọ́ọ̀mù wà lórí gèlè rẹ̀, ọmọ odó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kí màdáámù. Kò gbé ohùn sókè.

Ó ní, "Èmi ni, mà. Wọ́n ní bí mo bá ń gún un fún wọn, wọn á pa ọ̀dà ẹnu ilẹ̀kùn mi rẹ́, wọn ò ní wó búkà mi. Mo ti ń gún un ọjọ́ ti pẹ́. Ọ̀dà náà ṣì wà níbẹ̀, katakátá sì ń bọ̀ lónìí."

Kò sí ẹni tó jẹun. Kò sí ẹni tó gbin. Ìdákẹ́jẹ́ tí ọ̀gá ti ń wá látọjọ́ yìí dé nígbà náà, ó kún inú ilé, màdáámù sì gbọ́ ọ dáadáa. Ohun tó fọ́ ọ ni katakátá tó dé ẹnu géètì. Awakọ̀ rẹ̀ sọ̀kalẹ̀, ó wọlé láti wá béèrè búkà tí wọ́n ní kí òun wó. Ó rí àwọn tó ń jẹun, ó ní okun o. Màdáámù ló dáhùn lọ́tẹ̀ yìí, ó ní kó wá jẹun, kó gbàgbé ọ̀rọ̀ búkà. Ó jókòó.

Ṣíkẹ́nà. Àjọ Ètò Òwúrọ̀ kò rí òwúrọ̀ oṣù tó tẹ̀ lé e. Wọ́n gba ilé, wọ́n gba mọ́tò, mégádì lọ sí ilé ẹlòmíràn. Kọ́láwọlé ti wà ní Lọ́kọ́jà, ó ń pàtẹ́wọ́ fún kọmíṣánnà tuntun. Àwọn awakọ̀ fúnra wọn ló ha ọ̀dà kúrò lẹ́nu ilẹ̀kùn Rhoda, ibi tí wọ́n ha a dé ṣì mọ́ ju ilẹ̀kùn tó kù lọ. Ọlọ́runlékè gba yàrá kan nítòsí ọjà, ó ń retí ibi tí wọn yóò gbé e lọ, kò sì sí ẹni tó ránṣẹ́.

Àárọ̀ kan, kí ọ̀yẹ̀ tó là tán, ó dé ẹnu búkà náà. Kò wọ agbádá. Ó dúró síta, ó ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ebi ń pa á. Ó mọ gbogbo ohun tí wọ́n lè sọ sí òun, ó sì mọ̀ pé ó tọ́ sí òun. Lẹ́yìn náà ó wọlé.

Ó ní, "Okun o."

Wọ́n gbójú sókè. Awakọ̀ kan ló kọ́kọ́ dáhùn, àwọn yòókù sì dáhùn, wọ́n ní kó wá jẹun. Ó ní ó máa gba ibi ire. Ó fẹ́ lọ jókòó sí ìdí bẹ́ǹṣì, ṣùgbọ́n wọn kò tíì gún iyán tán. Rhoda yíjú padà. Lọ́tẹ̀ yìí, ó rí ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ dáadáa, ó wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. Ó na ọmọ odó sí i.

Ọlọ́runlékè gbà á. Ó gbé e sókè, ó gbé e sílẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ kò mọ̀ ọ́n gún, ṣùgbọ́n ó ń dún. Ìró odó náà jáde lọ sí gáréèjì, ó lọ sí ọjà, àwọn tó ń sùn bẹ̀rẹ̀ sí í jí. Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Rhoda tẹ̀ síwájú, ó fi omi díẹ̀ wọ́n iyán náà, ó sì tẹ̀ ẹ́ wò.

Ó ní, "Ẹ gún un dáadáa, sà. Kò gbọdọ̀ ní kókó."